Ọdẹ́níran Wá Ajùbọ́ọ̀lù Dé Igbó Ìdákẹ́rọ́rọ́

Kí ẹni tó ń pa ẹ̀pà fi ẹ̀pà sílẹ̀ ná, kí ẹni tó bá fẹ́ tòògbé lọ tòògbé nílé àna rẹ̀, nítorí ìtàn tí mo mú wá lọ́sàn-án yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi etí kan gbọ́. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti jókòó sórí ẹfọ̀n rí, mo rò pé òkúta ni. Mo ti bá iwin pín ẹran, mo sì mú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó lọ bi iwin náà léèrè. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò òní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́níran ni, àgbà ọdẹ tó kọ́ mi ní ìbọn yíyìn, òun ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi.

Láyé ìgbà náà, bọ́ọ̀lù oníkùmọ̀ ni eré tó gba gbogbo ilẹ̀ wa kan. Ẹnì kan á dúró lórí òkìtì, á ju bọ́ọ̀lù awọ. Ẹnì kejì á gbé kùmọ̀ dúró dè é, kó lè gbá a lọ jìnnà. Ẹnì kẹta á lóṣòó sẹ́yìn oníkùmọ̀, òun ni yóò hán bọ́ọ̀lù tó bá kọjá. Ẹ má rò pé eré lásán ni o. Ìlú tó bá borí ló ni odò Ẹlẹ́tù títí di ọdún tó ń bọ̀, èyí tó bá sì pàdánù á máa pọn omi kòtò mu pẹ̀lú àkèré nínú. Ìlóyin, ìlú Ọdẹ́níran, ti pàdánù léraléra débi pé àwọn àgbà ilẹ̀ ti sọ ọ́ gbangba pé bí wọ́n bá tún pàdánù lọ́dún yìí, wọn kò ní bá ẹnikẹ́ni du odò náà mọ́ láéláé.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, gbogbo ìlú á kọ́kọ́ péjọ fún Ọjọ́ Àṣàyàn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yan àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì bá ìlú kankan ṣeré rí, ìbáà jẹ́ ọmọ inú ilé, ìbáà jẹ́ ọmọ inú igbó. Ìlú tó bá gbẹ́yìn ní ọdún tó kọjá ló máa ń kọ́kọ́ yan, kí ìyà má baà jẹ ẹnì kan ṣoṣo kú. Ọmọ tí wọ́n bá yàn á bá wọn lọ lójú ẹsẹ̀, kò sì ní padà wálé títí irùngbọ̀n rẹ̀ yóò fi hù bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nítorí náà ni ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe ní ẹnì kan tí à ń pè ní Ojú-Ìlú, tí yóò máa kiri wo àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kí ọjọ́ náà tó pé.

Ọdẹ́níran ni Ojú-Ìlú Ìlóyin. Iṣẹ́ náà ní èèwọ̀. Ojú-Ìlú kì í jẹun nílé ọmọ tó ń wò. Kì í pàtẹ́wọ́. Kì í sọ ohun tó rí fún bàbá tàbí ìyá ọmọ náà. Bí Ọjọ́ Àṣàyàn bá pé, yóò fi eyín kan irin lójú gbogbo ayé, yóò ní, "Ohun tí ojú mi rí ni ẹnu mi yóò sọ." Ẹni tó bá fi eyín kan irin tó sì purọ́, ẹ̀yin náà mọ ohun tí Ògún ń fi irú wọn ṣe.

Iṣẹ́ adánìkanwà ni, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bí Ọdẹ́níran bá gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀ sí etí pápá, gbogbo ènìyàn á sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣeré ń bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé òun ń bẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò sì bímọ sínú eré kò rí ọ̀rọ̀ bá a sọ. Àwọn tó ń kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín, ohun tí wọ́n ń wá ni wọ́n ń kí. Àníkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọn kò bímọ. Bó bá tàjò dé, ilẹ̀kùn rẹ̀ á ti le gan-an, á fi èjìká tì í, á ní, "Ẹ kú ilé o," kò sì sí ẹni tí yóò dáhùn.

Ọba pè é, ó ní, "Ọdẹ́níran, àwa la máa kọ́kọ́ yàn lọ́dún yìí. Wá ajùbọ́ọ̀lù kan fún wa. Bí o bá ṣì wò, ó parí nìyẹn."

Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kẹ́rù ó bà á." Ó gbé ìbọn kọ́ apá, ó gbé àpótí rù, ó wọ igbó.

Kò rìn jìnnà tó fi bá Ojúlẹ́yìn pàdé, iwin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà igbó. Ìpàkọ́ rẹ̀ ló kọ sí ẹni tó ń bọ̀, ojú rẹ̀ sì wà lẹ́yìn pátápátá.

"Ìró ẹsẹ̀ ọdẹ ni mò ń gbọ́ yìí," ni iwin náà wí. "Níbo lò ń lọ?"

"Mò ń lọ wo àwọn ajùbọ́ọ̀lù."

"Ọ̀pọ̀ Ojú-Ìlú ló ti gba ibí. Ẹni tó ní apá ni òun ń wò, mo lé e padà. Ẹni tó ní ìbàdí àti ẹsẹ̀ ni òun ń wò, mo fún un ní ìgbátí mọ́ ọn. Ìwọ ńkọ́? Kí lò ń wò lára ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù?"

Ọdẹ́níran ní, "Mo máa ń wo ojú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ jìnnà. Nígbà tó bá ju èyí tó dára, gbogbo ayé ló ń wò ó, kò nílò mi. Ìgbà tó bá kùnà ni wọ́n máa ń gbójú kúrò, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tèmi bẹ̀rẹ̀."

Omijé ń ṣàn sílẹ̀ ní ẹ̀yìn iwin náà. Ó ní, "Ẹni tó ń lọ nìkan ni èmi ń rí láyé mi. N kò rí ẹni tó ń bọ̀ rí. Kọjá, ọdẹ. Ṣùgbọ́n má sáré rìn, jẹ́ kí n wò ọ́ pẹ́ díẹ̀."

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní kí ló dé tí kò kàn yí padà? Èmi náà bi Ọdẹ́níran bẹ́ẹ̀. Ó ní bó bá yí padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbé e lọ kúrò lọ́dọ̀ ẹni náà ni, ẹsẹ̀ iwin kò mọ ẹ̀yìn rìn. Ọdẹ́níran rọra rìn fún un títí igi fi bò ó mọ́lẹ̀.

Ó dé Ìlú Ariwo, níbi tí àwọn iwin ti ń fi igbe kí ara wọn. Ajùbọ́ọ̀lù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Apáàrá. Ẹ má bi mí bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣe yára tó, nítorí kò sẹ́ni tó rí i. Bó bá gbọ́wọ́ sókè báyìí, ohun tí a óò tún gbọ́ ni pé ahánbọ́ọ̀lù ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́ rẹ̀ tó ń jó o. Ó ju ọ̀kan lu ìrókò, ìrókò ya sí méjì. Àwọn ìyá gbé iyán àti ẹran ìgalà wá fún Ọdẹ́níran, wọ́n ń pè é ní bàbá wa, ọkọ wa, ojú tí kì í ṣì ríran. Ebi ń pa á, ó sì kọ̀ ọ́, ó ń wo iwájú.

Ìyá arúgbó kan dìde nínú èrò, ó gba kùmọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mú un, ó ní òun náà fẹ́ gbìyànjú. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Apáàrá ju bọ́ọ̀lù sí i. Bóyá ìyá náà dijú ni o, bóyá kò dijú, kùmọ̀ rẹ̀ sáà ba bọ́ọ̀lù, ó fò kọjá orí ilé. Apáàrá fi ẹsẹ̀ ta òkìtì, ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ kò dára. Ó rìn lọ bá ahánbọ́ọ̀lù, ó gbá a létí, ó ní ahánbọ́ọ̀lù náà ló mi orí tí ojú òun fi ṣì.

Ọdẹ́níran gbé àpótí rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé kò ní yàn án. Àwọn ìyá tó ń pè é ní ọkọ wa gbé iyán wọn, wọ́n ń bú u títí ó fi jáde nílùú: olójú ọ̀bọ, ẹni tí kò bímọ tó wá ń díye lé ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn dùn ún wọnú egungun. Òótọ́ ni.

Láti ibẹ̀ lọ, kò rí ẹ̀dá kankan mọ́. Ó dé àfonífojì kan, ó sì ṣèèṣì húkọ́, àfonífojì náà húkọ́ padà. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn o." Wọ́n ní, "Ìrìn o." Ó ní, "Ṣé àlàáfíà ni?" Wọ́n ní, "Àlàáfíà ni." Ó mọ̀ pé gbohùngbohùn ni, kì í ṣe ọmọdé. Síbẹ̀ ó gbé àpótí kalẹ̀, ó jókòó, ó ń kí i títí oòrùn fi kọjá àtàrí rẹ̀, nítorí láti ìgbà tí Àníkẹ́ ti kú, kò tíì rí ohùn tó dá a lóhùn tí kò sì bẹ̀ ẹ́ fún nǹkan kan.

Níkẹyìn, ó wọ Igbó Ìdákẹ́rọ́rọ́. Àwọn iwin ibẹ̀ ti ṣí lọ tán, wọ́n tẹ̀lé ọmọ wọn lọ sí ìlú tó yan wọ́n, ewéko ti bo ilé wọn. Ẹyẹ kò ké, ewé kò mì. Nínú ìdákẹ́ náà ló ti gbọ́ "pàù", ó pẹ́ díẹ̀, ó tún gbọ́ "pàù". Ẹni tó bá ti dàgbà nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé apá tó dára ní ohùn tirẹ̀, kí ojú tó rí i rárá.

Ó yọ síbi tí igi kò ti pọ̀, ó rí àwọn méjì. Iwin àgbàlagbà kan lóṣòó, orúnkún rẹ̀ gbẹ bí igi ìdáná, kò lè rìn jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ tí wọ́n fi ń fẹ́ ìrẹsì. Baba Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí i jẹ́ ọmọ ènìyàn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ga, tí ọwọ́ rẹ̀ gùn. Igbókọ̀yí lorúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń gbé e pọ̀n gba igbó náà kọjá tí àìsàn fi pa á sídìí igi. Iwin yìí sì gbé ọmọ náà, ó fi oyin àti omi inú ewé tọ́ ọ dàgbà.

"Ọdẹ, káàbọ̀," ni Baba Àtẹ́lẹwọ́ wí. "Mo rí àpótí rẹ, mo mọ ẹni tí o jẹ́. Jókòó, kí o wo ọmọ mi."

Ó gbé igbá kan lé orí kùkùté, ó ní kí Igbókọ̀yí ju bọ́ọ̀lù lù ú. Igbókọ̀yí wo Ọdẹ́níran, ó wo ilẹ̀, ó jù ú. Bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún igbá kọjá. Ó tún jù ú, ó tún gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kọjá. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí, igbá kò mì.

"N kò mọ̀ ọ́n jù, Baba Ọdẹ," ni Igbókọ̀yí wí. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mo fi ẹsẹ̀ yín ṣòfò."

Èmi ìbá ti dìde máa lọ, kí n má parọ́ fún yín. Ọdẹ́níran kò dìde. Ó mọ̀ pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n jù, bọ́ọ̀lù rẹ̀ á lọ sọ́tùn-ún, á lọ sósì, á gba òkè lọ. Ti ọmọ yìí, ibì kan náà ló ń gbà ní gbogbo ìgbà, bí ẹni pé okùn ni wọ́n ta sílẹ̀ fún un. Láti ṣì í báyẹn le ju láti bà á lọ.

Kó tó la ẹnu, Baba Àtẹ́lẹwọ́ ti dìde. "Igbókọ̀yí! Ta lò ń tàn? Ọwọ́ mi yìí lo ti ń jù ú sí láti ìgbà tí o kò tíì ní eyín. O rò pé n kò mọ̀ bí irọ́ bá wà nínú bọ́ọ̀lù?" Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó wọ inú ahéré rẹ̀ lọ.

Igbókọ̀yí jókòó sílẹ̀. "Baba Ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ìlú yín pé n kò wúlò."

"Kí ló dé, ọmọ mi?"

"Nígbà kan, omi kún, n kò lè sọdá odò padà wálé. Nígbà tí mo fi máa dé, ibi tí mo fi Bàbá sí náà ni mo bá a. Ó la ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ báyìí, ó ń retí bọ́ọ̀lù. Kò jẹ, kò mu. Bí mo bá lọ títí irùngbọ̀n mi á fi hù, ṣé ẹ rò pé màá bá a láàyè?"

Ọdẹ́níran rí ilé ara rẹ̀ níwájú ojú rẹ̀, ó rí ilẹ̀kùn tó le. Èrò kan sì wá sí i lọ́kàn: bí òun bá dìde nísinsìnyí, òun lè fi eyín kan irin pé bọ́ọ̀lù ọmọ náà kò ba igbá rárá, òótọ́ ni yóò sì jẹ́. Ó gbọ́wọ́ lé àpótí rẹ̀.

"Má lọ, ọdẹ." Baba Àtẹ́lẹwọ́ ti padà jáde. "Bí o bá lọ báyìí, o kò ṣàánú mi. Ohun tí o ṣe ni pé o jẹ́ kí n kú pẹ̀lú ìmọ̀ pé èmi ni mo jẹ apá ọmọ náà run. Òun ń parọ́ torí mi, ìwọ náà fẹ́ dákẹ́ torí mi. Ta ló bi mí léèrè?"

"Ta ni yóò máa jókòó tì yín, Baba?"

"Kò sí ẹnì kankan. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti gbé e nílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí fọ́ Ọdẹ́níran lọ́kàn. Ó yọ àdá rẹ̀, ó fi eyín kan án. "Ó dáa, èmi yóò padà wá. Bí wọ́n bá yàn án, ọjọ́ náà gan-an ni màá kọjú síbí. N kò ní ẹnì kankan nílé, Baba, irọ́ kọ́. Ẹ sì gbọ́ èyí tó jẹ́ èèwọ̀ kí n sọ fún yín: láti ìgbà tí mo ti ń wo ajùbọ́ọ̀lù, n kò rí irú ọmọ yín rí."

Àwọn méjèèjì wò ó. Igbókọ̀yí dìde, ó fi ọwọ́ nu ojú, ó gun òkìtì. Èyí tó jù lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ariwo nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù lu igbá náà já láti iwájú dé ẹ̀yìn, igbá sì dúró lórí kùkùté bí wọ́n ṣe gbé e lé e. Ọwọ́ Ọdẹ́níran fẹ́ pàtẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ó jókòó lé ọwọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, Baba Àtẹ́lẹwọ́ kò sìn wọ́n. Ó ní orúnkún ń dun òun.

Ní Ọjọ́ Àṣàyàn, Ọdẹ́níran fi eyín kan irin, ó dárúkọ Igbókọ̀yí. Ariwo ta. Ọ̀tún ọba fò dìde: "Ọmọ tí iwin fi oyin tọ́! Apáàrá tó ń la ìrókò wà níhìn-ín, ẹni tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí lò ń mú wá?"

"Apáàrá yára jù ú lọ," ni Ọdẹ́níran dáhùn. "Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, ilẹ̀ ló bá wí, ahánbọ́ọ̀lù rẹ̀ ló sì lù. Ọmọ tèmi fẹ́ sọ apá rẹ̀ nù nítorí ahánbọ́ọ̀lù rẹ̀. Ẹ yàn án."

Ọba yàn án. Nígbà náà ni Ọdẹ́níran gbé àpótí rẹ̀ síwájú Kábíyèsí, ó ní òun kò lè jẹ́ Ojú-Ìlú mọ́, òun ti sọ ohun tí òun rí fún bàbá ọmọ.

"Iwin nìkan ló gbọ́," ni ọba wí. "Ta ni yóò dá ọ lẹ́bi?"

"Èmi náà gbọ́, Kábíyèsí."

Igbókọ̀yí sáré bá a lẹ́nu odi ìlú. "Baba Ọdẹ, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni kí ẹ máa jókòó sí. Etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́."

Ẹ̀ ń bi mí nípa odò. Omi odò wo lẹ bu mu kí ẹ tó wá jókòó síwájú mi? Ẹlẹ́tù ni. Ọdẹ́níran kò wo eré náà. Igbó ló wà.

Ọ̀sán ni ó dé Igbó Ìdákẹ́rọ́rọ́. Baba Àtẹ́lẹwọ́ jókòó síwájú ahéré, ó la ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Ọdẹ́níran lọ jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"O dé."

"Mo dé, Baba."

"Wọ́n yàn án?"

"Òun ni wọ́n kọ́kọ́ yàn nínú gbogbo wọn."

Iwin náà mi orí, ó mi orí, omijé ń bọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ ńlá rẹ̀. Wọ́n jókòó pẹ́. Àárò ọmọ ń sọ ọ̀kan, àárò ìyàwó ń sọ ẹnì kejì, kò sì sí ẹni tó lè gba ti ara wọn rù. Nígbà tó yá, iwin fi ọwọ́ nu ojú, ó yí bọ́ọ̀lù àtijọ́ kan jáde lábẹ́ àga, ó tì í sí ọ̀dọ̀ Ọdẹ́níran, ó ń rọra lóṣòó sílẹ̀ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó gbẹ.

"Jù ú."

Ọdẹ́níran gbé bọ́ọ̀lù náà, ó ń yí i wò. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tó ti wo ajùbọ́ọ̀lù láti ìgbà èwe rẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun, kò tíì ju bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Kò ní ẹni tí ì bá hán an fún un. Ó gun òkìtì, ó gbọ́wọ́ sókè bó ṣe rí i tí àwọn ọmọ ń ṣe, ó jù ú. Bọ́ọ̀lù gba inú igbó ẹ̀gún lọ, ó kọjá iwin náà jìnnàjìnnà. Ọdẹ́níran fúnra rẹ̀ ló lọ wá a, ẹ̀gún ya á lápá, ojú sì ń tì í bó ṣe ń padà bọ̀.

Baba Àtẹ́lẹwọ́ wò ó tìyanu-tìyanu.

"Kò dára rárá," ló wí. Ó tún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì là. "Tún un jù."